Àwọn tí mo kọ "kò dáhùn" sí iwájú orúkọ wọn

Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti jẹ́ akọ̀wé fún àwa ọmọ Yorùbá tí a jọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Yunifásítì Ahmadu Bello, ní Samaru lẹ́bàá ìlú Zaria, tí a sì jọ jáde lọ́dún 2004. Orúkọ 46 ló wà nínú ìwé mi. Ní ìparí ọdún kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ mi ni láti béèrè lọ́wọ́ olúkúlùkù ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí i, ìbáà ṣe ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, oyè ìmọ̀ tuntun, ìgbéyàwó, ọmọ, ilé tàbí ọ̀fọ̀, kí n sì kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú ìwé pélébé kan tí a máa ń pín nígbà tí a bá pàdé ní Kubwa, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a wà ní Àbújá ń gbé. Lọ́dún 2017 tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́, mo kà á sí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì péré, nítorí pé mo ní nọ́ńbà gbogbo ènìyàn, mo sì mọ̀ ọ́n kọ.

Kí ọ̀rọ̀ mi lè yé ẹni tí kò mọ̀ wá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, ṣùgbọ́n Sabon Gari ní Zaria ni wọ́n bí mi sí, mo sì ti ń sọ èdè Hausa kí n tó mọ ìwé kà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wá láti Ọ̀fà, Ìlọrin, Kàbà àti Ìsánlú, àwọn díẹ̀ sì wá láti Ìbàdàn àti Òǹdó. Ọdún 5 ni ètò ẹ̀kọ́ wa, ṣùgbọ́n ọdún 6 ni a lò, nítorí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ Yunifásítì, pàápàá èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọdún 2002 tó sì gba nǹkan bí oṣù 6. Àwa kan kò rí owó ọkọ̀ tí a ó fi lọ sílé lásìkò náà, Samaru ni a wà, a ń se oúnjẹ nínú ìkòkò kan náà, a ń bá àwọn àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú oko fún owó ojúmọ́. Ìgbà yẹn, kò sí bí ọ̀bọ ṣe ṣe orí tí ìnàkí kò ṣe. Lẹ́yìn tí a sin ilẹ̀ bàbá wa gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀ ni ọ̀nà tó pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ.

Ìbéèrè tí mo fi ránṣẹ́ ní ọdún àkọ́kọ́ rèé, mo ṣì ní i lọ́wọ́: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ipò tí ẹ wà báyìí àti àṣeyọrí yín lọ́dún yìí ránṣẹ́." Àwọn 13 ló fèsì. Ọ̀kan ti di ọ̀gá ẹ̀ka ní ilé ìfowópamọ́, àwọn méjì ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, ọ̀kan ti parí ilé sí Lugbe, ọ̀kan ń gba gómìnà nímọ̀ràn. Inú mi dùn sí wọn, inú mi ṣì ń dùn sí wọn títí dòní, nítorí mo mọ ibi tí a ti jọ bẹ̀rẹ̀. Iwájú orúkọ àwọn 33 tó kù, mo fi bírò pupa kọ "kò dáhùn" sí i nínú ìwé tèmi, nígbà tí mo sì ń tẹ ìwé pélébé náà, mo fi ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo rò pé yóò ta wọ́n jí.

Níbi ìpàdé ọdún náà, mo pín ìwé ọ̀hún kí a tó gbé oúnjẹ kalẹ̀. Mo rí ẹ̀gbọ́n wa kan tó wá láti Mìnà, ó ṣí ìwé náà, ó wá orúkọ ara rẹ̀ rí, ó ká a sí mẹ́rin, ó sì tì í bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀. Kò sọ ohunkóhun. Ó jẹun, ó bá wa rẹ́rìn-ín, ó tètè dìde, ó ní ọ̀nà jìn. Ìgbà tí mo rí i gbẹ̀yìn nìyẹn, mo sì máa padà sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí n ti fi mọ ìdí tí ènìyàn fi ń dákẹ́ wà lọ́dọ̀ èmi gan-an. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mo ń ṣe. Ìpele 8 ni ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí Yunifásítì ti ń bẹ̀rẹ̀, ó kéré tán ọdún 3 ni yóò sì lò lórí ìpele kan kí ó tó lè jókòó fún ìdánwò ìgbéga. Kò sí ìpele 11 rárá, láti 10 ni a ti ń bọ́ sí 12. Mo wọṣẹ́ lọ́dún 2007, mo dé ìpele 10 lọ́dún 2013, mo ṣe ìdánwò ti 12 lọ́dún 2016, mo sì yege. Ṣùgbọ́n yíyege nìkan kò tó: bí àyè kò bá ṣí sílẹ̀ nínú ètò òṣìṣẹ́, ẹni tó yege yóò padà sídìí tábìlì rẹ̀ ni. Wọ́n ní kò sí àyè. Ọdún 2 gbáko ni mo fi dúró síbẹ̀, ẹni tí mo kọ́ níṣẹ́ sì kọjá mi lọ. Nígbà tí mo ń kọ ìròyìn tèmi sínú ìwé pélébé ọdún 2017, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni mo kọ: "Iṣẹ́ ìjọba, Àbújá." Èmi tí mo ń fi bírò pupa sàmì sí àwọn ẹlòmíràn, èmi náà kò dáhùn.

Lọ́dún 2018, mo pinnu láti lọ bá àwọn kan nílé. Ọ̀dọ̀ obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìbejì ni mo kọ́kọ́ lọ, nítorí pé òun ló mọ iṣẹ́ jù nínú wa nílé ìwé. Ó ti ṣe olùkọ́ fún ọdún díẹ̀ kó tó wọ Yunifásítì, ó jù mí lọ, ẹ̀gbọ́n ni mo sì ń kà á sí. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ìdù lówùúrọ̀ Sátidé, mo sọ̀ ní Rìgásà, mo gba kẹ̀kẹ́ dé ilé rẹ̀ nínú ìgboro Kàdúná. Nígbà tí a ti kí ara wa tán, mo béèrè ìdí tí kò fi fèsì.

Ó wọlé, ó sì gbé ìwé àkọsílẹ̀ kan jáde tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Nígbà tó ṣí i, ewé tòmátì gbígbẹ kan wà láàárín ojú ìwé méjì. Ó mú un níbi ìdí, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó ní kí n wò ó. Ewé náà ti fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà, ojú ọ̀nà wíwọ́ funfun sì gba inú rẹ̀ kọjá káàkiri, bí ẹni pé ọmọdé fi ìka kọ nǹkan sórí iyanrìn. Àwọn àmì dúdú tíntìntín sì wà lójú ọ̀nà wọ̀nyẹn, ó ní ìgbẹ́ kòkòrò náà ni.

Ó ní, "Akọ̀wé, o ní kí n kọ ipò tí mo wà. Ipò wo? Inú gbèsè ni mo wà nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ dé."

Lọ́dún 2016, ó fi gbogbo owó tó fi pamọ́ àti èyí tó yá gbin tòmátì sórí ilẹ̀ fàdámà kan, èyí tí à ń pè ní àkùrọ̀, lẹ́bàá Makarfi. Ọdún náà ni kòkòrò tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Tuta absoluta, tí orírun rẹ̀ jẹ́ Gúúsù Amẹ́ríkà, bo oko tòmátì ní àgbègbè wa, tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná fi kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀ràn pàjáwìrì nínú oṣù Karùn-ún. Kòkòrò náà kéré, àwọ̀ eérú ni, òru ló máa ń fò. Yóò yé ẹyin sára ewé, ọmọ tó bá pa yóò lu ihò wọnú ewé náà, yóò sì máa jẹ inú rẹ̀ láàárín awọ òkè àti awọ ìsàlẹ̀, débi pé oògùn tí a bá fín sójú ewé kò ní tètè kàn án. Láàárín nǹkan bí oṣù kan, ìran mìíràn ti dé. Ó ní òun lọ sóko lọ́jọ́ Ajé, ewé ń dán, nígbà tí yóò fi di ọjọ́ Ajé kejì, ó dà bí ẹni pé iná ti gba ibẹ̀ kọjá. Èso tí ó kù lórí igi, bí ó bá là á, ìdin ni yóò bá nínú rẹ̀. Ó ta mọ́tò rẹ̀. Àwọn ìbejì kúrò ní ilé ìwé aládàáni lọ sí ti ìjọba.

Ó wá mú mi lọ sẹ́yìnkùlé. Ó ti fi igi àti àwọ̀n tó tò pọ̀ dáadáa kọ́ ilé kan síbẹ̀, inú rẹ̀ ló ti ń tọ́jú ọmọ tòmátì àti ata tí àwọn àgbẹ̀ ń rà lọ gbìn. Ó fi tàkúté kan hàn mí, abọ́ omi tí ó gbé rọ́bà kékeré kan kọ́ sókè rẹ̀. Rọ́bà náà ní òórùn bíi ti abo kòkòrò yẹn, akọ yóò rò pé abo ló ń pe òun, yóò sì já sínú omi. Ó ní àwọn àgbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbára lé e nìkan, ṣùgbọ́n iye akọ tí wọ́n bá bá nínú abọ́ lówùúrọ̀ ni yóò sọ fún wọn pé kòkòrò ti dé kí ewé tó fi hàn. Ojú rẹ̀ ń tàn bó ti ń ṣàlàyé. Mo jókòó sórí korobá tó dojú dé, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ń ṣe mí bí ẹni pé mo tún padà sínú oko ìdánrawò wa ní Samaru.

Mo béèrè bóyá mo lè fi í sínú ìwé ọdún náà. Ó ronú títí, ó ní, "Kọ ọ́, ṣùgbọ́n rí i pé o kọ ọ̀rọ̀ ewé náà sí i. Bí o bá kọ ti àwọ̀n nìkan, irọ́ lo pa."

Láti ìgbà náà ni mo ti pa ìbéèrè mi dà. N kò béèrè ipò mọ́. Ohun tí mo ń béèrè ni: "Iṣẹ́ wo ni ẹ ń fi ọwọ́ yín ṣe báyìí, kí ni ó ti kọ́ yín, kí sì ni ẹlẹgbẹ́ yín lè wá béèrè lọ́wọ́ yín?" Àwọn 13 tó fèsì lọ́dún 2017 di 27 lọ́dún 2018. Ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́lá wa gan-an yàtọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀mọ̀wé méjì yẹn kọ̀wé pé ọdún 9 ni òun fi ṣe ìwádìí òun, pé ó tó ìgbà méjì tí òun kó ẹrù kúrò ní ọ́fíìsì pé òun kò ṣe mọ́. Ẹlòmíràn tó wà ní ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Samaru, tó jẹ́ pé "mo ṣì wà níbi tí ẹ fi mí sí" ni gbogbo èsì tí ó fún wa tẹ́lẹ̀, kọ ojú ìwé méjì lẹ́yìn ọdún díẹ̀ nípa ẹ̀wà SAMPEA 20-T tí ilé ìwádìí náà gbé jáde lọ́dún 2019, èyí tí kòkòrò tó ń lu èèpo ẹ̀wà kò lè rí jẹ bíi ti àtẹ̀yìnwá, àti bí òun ṣe ń ti abúlé kan dé abúlé kejì, tí òun ń gbin ẹ̀wà tuntun àti ti àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí àgbẹ̀ lè fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ènìyàn tó ṣe irú iṣẹ́ yìí ti rò pé òun kò ní ìròyìn kankan láti sọ fún wa, nítorí pé kò ní ọkọ̀ ńlá, kò sì kúrò ní Zaria.

Kì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́ ló gbà pẹ̀lú mi. Alága wa nígbà náà, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi, sọ pé ẹgbẹ́ kì í ṣe ibi tí a ti ń sunkún, pé ó yẹ kí àwọn ọmọ wa ka ìwé náà kí orí wọn wú. Mo gbọ́ ọ, mo sì rí òtítọ́ inú rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ wa nílò àpẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n mo dá a lóhùn pé ọmọ tó bá mọ̀ pé ọdún 9 ni ọ̀mọ̀wé fi ṣe ìwádìí kò ní sá nígbà tí tirẹ̀ bá pé ọdún 3. Títí dòní, a kò fẹnu kò pátápátá lórí rẹ̀.

Mo sì ṣe àṣìṣe kan tí ó dùn mí púpọ̀. Lọ́dún 2019, ẹnìkan sọ fún mi lórí fóònù pé wọ́n ti dá òun dúró lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ àdáni kan. Ìtara ìbéèrè tuntun ń gùn mí, mo kọ ọ́ sínú ìwé náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìṣírí, n kò padà béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àna rẹ̀ kò tíì mọ̀. Inú ìwé náà ni wọ́n ti kà á. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ nílé rẹ̀ ní Mararaba, ó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì dárí jì mí, ṣùgbọ́n kò bá mi sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà, ohunkóhun tí mo bá kọ nípa ẹnikẹ́ni, mo máa ń kà á sí i létí lórí fóònù, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí n tó tẹ̀ ẹ́. Ó ń gba àkókò, ṣùgbọ́n n kò lè ṣe é lọ́nà mìíràn.

Mo ní mo máa padà sórí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Mìnà. Lọ́dún 2018 kò fèsì, lọ́dún 2019 kò fèsì. Bírò pupa mi ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ó yẹ kí n pè é, kì í ṣe kí n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lásán, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí nítorí ìwé tó ká sí mẹ́rin yẹn. Nínú oṣù Kìíní ọdún 2020 ni mo wá pè é. Ọmọdébìnrin kan ló gbé fóònù, mo ní kó fún bàbá rẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ dúró kí n pe màmá mi." Láti ẹnu ìyàwó rẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ó ti lo oṣù 8 nínú ilẹ̀. Àìsàn kíndìnrín ni. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìtọ́jú ní ọdún tó wá bá wa ní Kubwa. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, "kò dáhùn" ni èmi sì kọ sí iwájú orúkọ òkú.

Obìnrin náà kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ lórí owó ọkọ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni olóògbé. Àmọ́ nínú àwọn tó fèsì sí ìbéèrè tuntun mi, ẹnìkan wà tó kúrò nídìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní kété tó ṣe àgùnbánirọ̀ tán, tó sì ń bá ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì ṣiṣẹ́. Ní ìdáhùn sí "kí ni ẹlẹgbẹ́ yín lè wá béèrè lọ́wọ́ yín," ohun tó kọ ni pé, "Bí òṣìṣẹ́ bá kú, mo mọ ọ̀nà tí ìdílé rẹ̀ yóò gbà." Mo pè é lálẹ́ ọjọ́ náà. Òun ló ṣàlàyé fún opó náà pé owó tí wọ́n ń yọ lóṣooṣù, ìdá 8 nínú 100 láti ọwọ́ òṣìṣẹ́ àti ìdá 10 láti ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́, ṣì wà nínú àpò ìfẹ̀yìntì ọkọ rẹ̀, àti pé òfin ọdún 2014 pa á láṣẹ pé kí agbanisíṣẹ́ ra adójútòfò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, tí kò gbọ́dọ̀ dín sí ìlọ́po 3 gbogbo owó tó ń gbà lọ́dún kan. Ó bá a kó ìwé jọ, ìwé ẹ̀rí ikú àti ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún láti ilé ẹjọ́, ó sì ń ti Àbújá lọ sí Mìnà nígbà tí iṣẹ́ bá gbà á láyè. Nígbà tí ààrùn Kòrónà ti gbogbo ọ́fíìsì pa, ó ń tẹ̀ lé e lórí fóònù. Owó náà pẹ́, ṣùgbọ́n ó jáde. Àkọ́bí olóògbé ti wà ní Yunifásítì báyìí.

Mo gbé bírò pupa jù sínú ìdọ̀tí ní ọdún yẹn. Ẹni tí kò bá fèsì, mo ń pè é, bí kò bá gbé e, mo ń pe ẹni tó sún mọ́ ọn, bí èyí kò bá sì bọ́ sí i, a ń rán ẹni tó wà ní ìlú náà lọ kan ilẹ̀kùn.

Ọ̀pọ̀ ti kó lọ sókè òkun láti ìgbà náà. Ọ̀kan tó jẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tẹ́lẹ̀ lọ sí Ìlú Ọba lẹ́yìn tí wọ́n ṣí ọ̀nà físà fún àwọn tó ń tọ́jú arúgbó lọ́dún 2022. Ó kọ́kọ́ bẹ̀ mí pé kí n kọ ọ́ pé "ó wà lókè òkun" kí n sì dúró síbẹ̀. Mo gbà fún un. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ pè mí, ó ní kí n kọ ọ́ pé òun ń wẹ̀ fún àwọn àgbà, òun ń bọ́ wọn lóúnjẹ, pé ọ̀kan nínú wọn tí kò mọ orúkọ ọmọ tó bí mọ́ máa ń di òun lọ́wọ́ mú kó tó sùn. Ó ní òun kò rí bàbá òun tọ́jú kó tó kú, iṣẹ́ yìí sì ń tu òun nínú. Mo ka ohun tí mo kọ sí i létí lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n má yọ ọ̀rọ̀ kankan kúrò.

Ìròyìn tèmi náà ti gùn sí i. Lọ́dún 2018 tí ìgbéga mi dé, mo kọ ọ́, mo sì kọ ọdún 2 tí mo fi dúró mọ́ ọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mẹ́rin tí ọ̀rọ̀ wọn jọ tèmi ló pè mí lọ́sẹ̀ náà, a sì ń jókòó papọ̀ ní Area 1 lẹ́yìn iṣẹ́ láti múra sílẹ̀ fún ìdánwò èyí tó kàn, à ń ka òfin iṣẹ́ ìjọba àti òfin ìnáwó sí ara wa létí. Mo wà ní ìpele 14 báyìí.

Nínú 46 tó wà nínú ìwé mi, 3 ti di olóògbé, 39 ti fún mi ní ìròyìn ọdún yìí, mo sì ń wá 4. Ọ̀kan nínú wọn ni a gbọ́ pé ó padà sí Ìsánlú, pé ó ń gbé nínú ilé bàbá rẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́ láti oṣù Kẹta. Ìyá Ìbejì ní ilé kan náà ni àwọn jọ gbé nígbà tí a wà nílé ìwé, òun yóò dá a mọ̀ bó ti wù kó yí padà tó, nítorí náà yóò wá sùn lọ́dọ̀ wa ní Kubwa lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí a lè jọ wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ Sátidé.